Ewì Ìfẹ́ Tí Kò Ṣàpèjúwe Ojú Ẹnikẹ́ni: Ohun Tí Shakespeare Sọ Gan-an Nípa Ẹwà àti Àìkú

Nínú gbogbo ewì ìfẹ́ tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ni a lè rí èyí tí ó mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu tó èyí tí William Shakespeare fi béèrè bóyá kí òun fi ẹni tí òun fẹ́ràn wé ọjọ́ kan nínú ìgbà ooru. Òun ni ìkejìdínlógún nínú àwọn ewì onílà mẹ́rìnlá, tí à ń pè ní sọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lórúkọ rẹ̀ ní ìlú London ní ọdún 1609. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti kà á fún ìdánwò WAEC, àwọn ọ̀dọ́ máa ń dà á kọ sínú lẹ́tà ìfẹ́, wọ́n sì máa ń kà á níbi ìgbéyàwó. Ìgbàgbọ́ tí ó bá a rìn rọrùn láti sọ: pé ọkùnrin kan ni ó ń yin obìnrin arẹwà kan, pé ewì náà ṣàpèjúwe ẹwà obìnrin yẹn, àti pé ẹwà náà pọ̀ débi pé ikú kò lè rí i gbé ṣe. Mo ti gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ewì náà fúnra rẹ̀ sọ. Èyí tí ó ká mi lára jùlọ ni ẹ̀kẹta, nítorí pé òun ni ó bo ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ewì náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ewì náà ní ìlà-ìlà. Ìlà kìíní béèrè ìbéèrè. Ìlà kejì dáhùn pé ẹni náà wuni ju ọjọ́ ìgbà ooru lọ, ara rẹ̀ sì balẹ̀ jù ú lọ. Láti ìlà kẹta dé ìlà kẹjọ, akéwì kò mẹ́nu ba ẹni náà mọ́ rárá. Àléébù ìgbà ooru ni ó ń kà sílẹ̀. Ó ní atẹ́gùn líle a máa mi àwọn òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúdí nínú oṣù Karùn-ún. Ó ní ìgbà ooru dà bí ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó parí. Ó ní oòrùn, tí ó pè ní ojú ọ̀run, a máa mú ganrínganrín nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìkùukùu a máa bo àwọ̀ wúrà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ òfin kan tí kò yọ ohunkóhun sílẹ̀: gbogbo ohun tí ó lẹ́wà ni ẹwà rẹ̀ yóò ṣá lọ́jọ́ kan, yálà nípasẹ̀ èèṣì tàbí nípasẹ̀ yíyí tí ayé ń yí. Ìgbà tí ó di ìlà kẹsàn-án ni ó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. A jẹ́ pé nínú ìlà mẹ́rìnlá, ẹyọ ìlà kan ṣoṣo ni ó sọ bí ẹni náà ṣe rí, ohun tí ìlà yẹn sì sọ kò ju méjì lọ: pé ó wuni, àti pé kì í ṣe ẹni tí ń ṣe àṣejù.

Kò sí irun nínú ewì náà. Kò sí ètè, kò sí ọrùn, kò sí ìdúró, kò sí ìrìn, kò sì sí àwọ̀ ara. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ewì ìfẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà yóò rí i pé èyí yàtọ̀ gidigidi. Francesco Petrarca, akéwì ilẹ̀ Ítálì tí ó kú ní ọdún 1374, ni ó fi ọ̀nà lélẹ̀ nígbà tí ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́nẹ́ẹ̀tì sí obìnrin kan tí ó ń pè ní Laura, tí ó sì ń yin irun wúrà rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tí ń tàn. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, tí wọ́n ń ka ẹ̀yà ara obìnrin láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìkọ̀ọ̀kan wé òkúta iyebíye tàbí ìràwọ̀. Shakespeare mọ àṣà yìí dáadáa. Nínú ewì 130 ó yí i po, ó ní ojú ìyáàfin òun kò jọ oòrùn rárá, pé iyùn pọ́n ju ètè rẹ̀ lọ, pé okùn wáyà dúdú ni irun orí rẹ̀, síbẹ̀ òun kò lè fi ìfẹ́ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó lè kọ ìyẹn kò ṣàìmọ bí a ti ń ṣàpèjúwe ènìyàn. Bí kò bá wá ṣàpèjúwe ẹnikẹ́ni nínú ewì 18, ó ti pinnu bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ níbí nípa ojú ọjọ́, nítorí pé ó ń da òǹkàwé tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu láàmú. Ìgbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tiwa tí ilẹ̀ ń gbẹ tí kànga ń fà. Òun ni ìgbà tí ó tuni lára jùlọ níbẹ̀, tí òtútù ti lọ, tí ọjọ́ gùn, tí igi sì tutù yọ̀yọ̀. Nítorí náà, ìyìn ńlá ni kí a fi ènìyàn wé e. Oṣù Karùn-ún tí akéwì mẹ́nu bà pẹ̀lú kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìgbà ooru nígbà ayé rẹ̀ bí ó ti jìnnà sí i lónìí, nítorí pé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1752, tí òpin oṣù Karùn-ún wọn sì ń wọ inú ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà tiwa.

Ní ti pé obìnrin ni ewì náà ń bá wí, ewì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé ọkùnrin ni. “Ìwọ” ni akéwì ń pe ẹni náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ewì náà wà nínú ìwé ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Sọ́nẹ́ẹ̀tì 154 ni ó wà nínú ìwé 1609. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan ni a sábà máa ń kà sí ẹni tí ewì 1 dé 126 dá lé lórí. Obìnrin onírun dúdú kan ni ó gba 127 dé 152. Méjì tí ó kẹ́yìn sì jẹ́ ìtàn kékeré nípa Cupid, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù. Nínú ewì 1 dé 17, ohun kan náà ni akéwì ń tẹnu mọ́: kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbéyàwó, kí ó bímọ, kí ẹwà rẹ̀ má baà bá a wọ ilẹ̀. Ewì 18 tẹ̀ lé e láìsí àlàfo. Nínú ewì 19, akéwì bẹ Àkókò pé kí ó má ṣe fi kálámù rẹ̀ àtijọ́ fa ìlà sí iwájú orí olólùfẹ́ òun, èdè Gẹ̀ẹ́sì ewì yẹn sì fi hàn kedere pé ọkùnrin ni ẹni náà. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n gbà pé a kò gbọdọ̀ gbára lé ètò ìwé náà jù, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tí ó dájú pé Shakespeare fúnra rẹ̀ ni ó tò ó bẹ́ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé obìnrin ni kò ní ìlà kan tí ó lè tọ́ka sí, nínú ewì náà tàbí nínú àwọn tí ó yí i ká.

Ibi tí èrò obìnrin yìí ti wá kò ṣòro láti rí. Wọ́n máa ń yọ ewì náà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé lóun nìkan, òǹkàwé á sì fi ohun tí ó mọ̀ nípa ewì ìfẹ́ dí àlàfo tí ó kù. Fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 1998, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar gẹ́gẹ́ bí fíìmù tí ó dára jùlọ, fi Shakespeare hàn níbi tí ó ti ń kọ ewì yìí sí ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ kan. Ìtàn àròsọ ni ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n àwòrán a máa dúró sí ọkàn ju àlàyé lọ. Àwọn akéwì ìgbà náà wà ní tòótọ́ tí wọ́n kọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tí a mọ̀. Edmund Spenser, tí ó gbé Elizabeth Boyle níyàwó ní ọdún 1594, tẹ àwọn sọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde ní ọdún 1595, ó sì sọ nínú ọ̀kan pé òun kọ orúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun sórí iyanrìn etí òkun, tí ìgbì wá pa á rẹ́, ṣùgbọ́n pé ewì òun ni yóò jẹ́ kí ìwà rere rẹ̀ wà títí. Ti Spenser nìyẹn, kì í ṣe ti Shakespeare.

Bí a bá ti mọ̀ pé ewì 18 tẹ̀ lé àwọn ewì nípa ọmọ bíbí, ohun tí ó sọ nípa àìkú á yí padà pátápátá. Nínú ewì 16, akéwì pe àwọn ewì ara rẹ̀ ní àgàn, ó ní ọmọ bíbí ni ọ̀nà tí ó lágbára jù láti bá Àkókò jagun. Nínú ewì 17, ó bẹ̀rù pé bí òun bá sọ òtítọ́ nípa ẹwà ọ̀dọ́ náà, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní gbàgbọ́, wọ́n á ní akéwì ń purọ́. Ó wá ní bí ọmọ rẹ̀ bá wà láyé nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wà láàyè, nínú ọmọ náà àti nínú ewì òun. Ewì 18 ló kàn, ọmọ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Akéwì ti fi ọ̀nà kan sílẹ̀, ó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé èkejì. Ìyípadà yìí wú mi lórí ju ìlà èyíkéyìí nínú ewì náà lọ, ẹni tí ó bá sì ka ewì 18 nìkan kò lè rí i. Ìtàn ìdílé Shakespeare fúnra rẹ̀ fi ìwúwo kún un. Hamnet, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, kú ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ọdún 1596. Elizabeth, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ ẹni tí ó kẹ́yìn nínú ìran rẹ̀ tààrà, kú ní ọdún 1670 láìbímọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí ewì 1 dé 17 là sílẹ̀ ni a ní kí a fi wá akéwì náà, a kò ní rí i.

Ṣé ewì náà wá sọ pé ẹwà ẹni náà kò lè ṣá? Ìlà kẹsàn-án dún bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó ní ìgbà ooru ayérayé rẹ kò ní kásẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò tíì parí níbẹ̀. Ó ń bá a lọ títí dé ìlà kejìlá. Ó ní ìwọ kò ní pàdánù ẹwà tí o ní, ikú kò sì ní lè fọ́nnu pé o ń rìn káàkiri nínú òjìji òun, nígbà tí o bá ti di ẹni tí ń dàgbà pọ̀ mọ́ Àkókò nínú àwọn ìlà ayérayé. Gbogbo ìlérí tí ó ti ṣe so mọ́ “nígbà tí” yẹn. Ẹni tí ó mọ Orin Dáfídì 23 yóò gbọ́ àfonífojì òjìji ikú nínú ìlà yìí, bí àwọn òǹkàwé ìgbà ayé Shakespeare náà yóò ti gbọ́ ọ, nítorí pé Bíbélì ti wà ní èdè wọn kí wọ́n tó bí i. Nínú Orin Dáfídì, Ọlọ́run ni ó wà pẹ̀lú ẹni tí ń rìn ní àfonífojì náà. Nínú ewì yìí, ìlà orin ni ó dúró tì í. Ara ẹni náà yóò darúgbó, yóò sì kú, nítorí pé òfin ìlà keje àti ìkẹjọ kò yọ ọ́ sílẹ̀. Akéwì kò fìgbà kankan sọ pé ẹwà lágbára tó láti dá ikú dúró.

Ìlà méjì tí ó kẹ́yìn ni ó fi òpin sí àríyànjiyàn. Bí mo ti lóye wọn sí Yorùbá nìyí: níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì ń mí, tí ojú bá ṣì ń ríran, bẹ́ẹ̀ ni èyí yóò wà láàyè pẹ́ tó, èyí sì ni yóò máa fún ọ ní ìyè. Ewì náà ni “èyí”. Àìkú ẹni náà rọ̀ mọ́ ewì, ewì sì rọ̀ mọ́ èémí àti ojú àwọn tí wọn kò tíì bí. Àìkú yìí ní gbèdéke. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á, kò sí ewì. Bí kò bá sì sí ewì, kò sí ẹni náà. Shakespeare kọ́ ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Horace, akéwì Róòmù, ti sọ ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Jésù pé òun ti kọ́ ohun ìrántí kan tí yóò pẹ́ ju idẹ lọ, àti pé òkìkí òun yóò máa dàgbà níwọ̀n ìgbà tí àlùfáà àgbà bá ń gun òkè Capitol pẹ̀lú wúńdíá tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyàtọ̀ méjì ni mo rí láàárín wọn. Ara rẹ̀ ni Horace fi àìkú náà ta lọ́rẹ, nígbà tí Shakespeare fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ètò ìsìn Róòmù ni Horace gbé ìlérí tirẹ̀ kà, ètò ìsìn yẹn sì ti parí láti ọjọ́ pípẹ́. Èémí àti ojú ni Shakespeare gbé tirẹ̀ kà.

Àwọn kan wá sọ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ni akéwì ń yìn, pé ẹni tí ó fẹ́ràn kàn jẹ́ àwáwí fún ìgbéraga rẹ̀ ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé a mọ orúkọ akéwì títí di òní, a kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó ṣèlérí fún. Nínú ewì 81, ó sọ ọ́ gbangba pé láti inú ewì òun ni orúkọ ẹni náà yóò ti gba ìyè àìnípẹ̀kun. Síbẹ̀ kò dárúkọ yẹn nínú ewì 81, kò sì dá a nínú èyíkéyìí nínú mẹ́rìnléláàádọ́jọ náà. Oríkì tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀: orúkọ ẹni, orúkọ baba rẹ̀ àti ìlú tí ó ti ṣẹ̀ wá ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé dání, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti kú láti ìran márùn-ún sẹ́yìn ṣì ní ẹni tí a lè pè. Nínú ìwé 1609, ohun tí a rí ni ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́ kan tí òǹtẹ̀wé, Thomas Thorpe, fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjì T.T. sí, tí ó sì darí sí ẹnì kan tí ó pè ní Ọ̀gbẹ́ni W.H. Àwọn ènìyàn ti dárúkọ Henry Wriothesley, baálẹ̀ Southampton, àti William Herbert, baálẹ̀ Pembroke, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tí ó fi ọ̀kan múlẹ̀ ju èkejì lọ. Ohun tí ewì náà pa mọ́ fún wa, nígbà náà, kì í ṣe ojú, kì í ṣe orúkọ, kì í sì í ṣe ẹ̀yà ara. Ìwọ̀n bí ẹnì kan ti ṣe iyebíye lójú ẹlòmíràn ni ó pa mọ́, ìyẹn sì dé ọ̀dọ̀ wa láìdínkù lẹ́yìn irínwó ọdún. Mi ò rò pé agbéraga lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ti dán gbèdéke tí ó fi sí i wò, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó já. Àwọn ẹ̀dà ìwé 1609 tí ó ṣẹ́ kù ní gbogbo àgbáyé lónìí kò ju mẹ́tàlá lọ. Ní ọdún 1640, òǹtẹ̀wé kan tí ń jẹ́ John Benson tún àwọn ewì náà gbé jáde lọ́nà tirẹ̀. Ó da ètò wọn rú, ó so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, ó fún wọn ní àkọlé, ní ibi mélòó kan ó sì yí ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ọkùnrin ni padà di ti obìnrin. Ó fo sọ́nẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ dá pátápátá, ewì 18 sì wà lára àwọn mẹ́jọ yẹn. Ẹ̀dà Benson yìí àti àwọn tí wọ́n dà kọ láti inú rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń tẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ewì tí ó ṣèlérí pé òun yóò máa wà níwọ̀n ìgbà tí ojú bá ń ríran kò sì sí níwájú ojú wọn. Àwọn kan tún ìwé 1609 tẹ̀ láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1711 àti ní ọdún 1766, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí àwọn ènìyàn ń kà padà. Ọdún 1780 ni Edmond Malone, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ireland, padà sí ìwé 1609, tí ó tún ètò rẹ̀ tò bí ó ti wà, tí ó sì kọ àlàyé sí i. Láti ìgbà náà ni ewì 18 ti ń dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ní ààyè rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn ewì 17 tí ó ń bẹ̀rù pé a kò ní gbà á gbọ́.